Èèkàn Inú Ojú Ẹsẹ̀ Màálù

Èèkàn kan ló kọ́kọ́ bá Kògbà sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí èèyàn kankan tó lanu. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni, wọ́n kun orí rẹ̀ lọ́dà pupa, wọ́n gbá a mọ́ igun kòtò tí àwọn awalẹ̀pìtàn ń wà, okùn funfun sì ti ara rẹ̀ lọ bá èèkàn kejì. Okùn náà le gbandi. Èèkàn náà dúró ṣánṣán. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ilẹ̀ tó yí i ká ti di ẹrọ̀fọ̀, màálù ti fi pátákò pò ó bí ìgbà tí wọ́n ń po amọ̀ ilé.

Kògbà lóṣòó tì í, ó wò ó dáadáa.

"Ọ̀gá, ẹ wá wo nǹkan, sà."

"Kí ni mo tún fẹ́ wò?" Ẹ̀yìn wáyà tó yí oko tí kòtò náà wà ká ni ọ̀gá rẹ̀ dúró sí, nítorí bàtà rẹ̀ tuntun. "Màálù wọlé, màálù tẹ ère fọ́. Jẹ́ ká pa ẹjọ́ yìí dé."

"Mi ò gbà, sà."

Ohun tó sọ ọ́ lórúkọ nìyẹn. Láti ọjọ́ tí obìnrin yìí ti di ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni gbólóhùn yẹn ò ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pa orúkọ tí bàbá rẹ̀ fún un tì, wọ́n ń pè é ní Kògbà. Wọ́n fi ń bú u ni, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀.

"Ẹ wo ìdí èèkàn yìí. Inú ojú ẹsẹ̀ màálù ló dúró sí, láàárín gbùngbùn. Bó bá ti wà níbẹ̀ kí màálù tó dé, pátákò ì bá ti wó o. Màálù ló kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà lẹnì kan ri èèkàn mọ́lẹ̀."

Ọ̀gá na ọrùn. "Ṣé nítorí igi lásán?"

"Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ lèmi ń wò, sà."

Ohun tó gbé wọn débẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí ère amọ̀ kan nínú kòtò náà, ère obìnrin tó jókòó, tó gbọ́wọ́ lé orúnkún, tó ga tó apá èèyàn láti ọwọ́ dé ìgúnpá. Ayé ò tíì rí irú rẹ̀ lágbègbè náà rí. Àwọn tó mọ ère kò sun ún jinná, bí oòrùn bá sì kàn án, á là ni. Nítorí náà wọ́n fi í sílẹ̀ nínú ilẹ̀ tútù, wọ́n fi aṣọ rírin bò ó, wọ́n ń retí àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé irú rẹ̀. Òjò rọ̀ lóru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn màálù opó kan tó ń ta wàrà lódìkejì ọ̀nà ló wà nínú kòtò, àpáàdì wẹ́wẹ́ ló sì kù níbi tí ère wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni iṣẹ́ náà dúró lójú gbogbo èèyàn, ó ní màálù obìnrin yìí ló ba ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè rà padà jẹ́. Ọlọ́pàá kó àwọn màálù náà lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni wọ́n máa tà wọ́n ní gbàǹjo.

*

Opó náà wà lórí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí fèrèsé àgọ́ ọlọ́pàá, kó lè máa rí àwọn ẹran rẹ̀ nínú ọgbà. Ó ti ki ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ ìró, ó sì di í ní ẹ̀ṣẹ́. Ìwé tí wọ́n ti bá a kọ wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, páàdì yíǹkì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti ṣí sílẹ̀.

"Màmá, ẹ kú ìjókòó."

"Ọmọ mi, tó bá jẹ́ torí àtàǹpàkò mi lo ṣe wá, yáa máa lọ. Mi ò tẹ̀ ẹ́ síbì kankan."

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́, mà."

Ìgbà yẹn ni màmá tó wo ojú rẹ̀.

"Báwo ni wọ́n ṣe jáde nílé?" Kògbà bi í.

"Mo fi okùn so ẹnu ọ̀nà ọgbà wọn. Ilẹ̀ mọ́, mo rí okùn náà nílẹ̀. Kò já o, wọ́n tú u ni. Mo sọ fún ọlọ́pàá tó ń kọ̀wé, ó ní màálù lè fẹnu tú okùn."

"Ṣé ó lè fẹnu tú u?"

"Màálù tó bá lè tú okùn tí mo so, ó yẹ kí wọ́n gbà á síṣẹ́ ọlọ́pàá."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Kògbà. Màmá ò rẹ́rìn-ín.

"Koríko tútù wà létí ọ̀nà," ni màmá tún wí. "Kí ni wọ́n ń wá lọ sínú ihò tí ò ní ewé kan ṣoṣo? Mo bi àwọn ọlọ́pàá, wọn ò dáhùn. Wọ́n ní bí mo bá tẹ̀ka pé ẹran mi ló jẹ̀bi, àwọn á ṣàánú mi, àwọn á dá méjì padà. Ìyẹn funfun tó wà nídìí igi yẹn, Ìyàwó lorúkọ rẹ̀. Òun nìkan ni ọkọ mi fi sílẹ̀ kó tó kú, òun ló bí gbogbo àwọn yòókù. Wàrà wọn ni mo fi rán ọmọ nílé ìwé. Kí n wá gba ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tèmi nítorí ẹran méjì?" Ó mi orí. "Àpáàdì ló tó ko iná lójú. Kí wọ́n máa dáná wọn bọ̀."

Kògbà dìde, ó pa páàdì yíǹkì náà dé kó tó jáde.

*

Ìbéèrè màmá ló gbé Kògbà padà sínú kòtò. Kí ni màálù ń wá nínú ihò tí ò ní ewé? Ó wo ibi tí ère wà tẹ́lẹ̀. Láàárín gbogbo ojú ẹsẹ̀ yẹn, ibì kan wà tó ń dán, bí abọ́ tọ́mọdé lá tán. Ó bu yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ díẹ̀, ó fi sẹ́nu.

"O ti ya wèrè?" ni ọ̀gá rẹ̀ pariwo.

"Iyọ̀ ni, sà. Wọ́n fi iyọ̀ tàn wọ́n wọlé."

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń dáná nínú oko náà, ìyẹn ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé yàrá páànù rẹ̀, agolo iyọ̀ rẹ̀ ṣófo. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀.

"Níbo lo wà lóru tí òjò rọ̀?" Kògbà bi ọlọ́dẹ.

"Ibí ni mo wà, mà."

"Òjò yẹn, ṣé ẹ̀ẹ̀kan ló rọ̀ ni àbí ó dá, ó tún padà?"

Ọlọ́dẹ wo òrùlé, ó wo bàtà rẹ̀. "Ó… ó rọ̀, mà."

"Ó rọ̀, a gbọ́. Mo ní ṣé ó dá?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, òrùlé wọn ń jò, ó sì ti sá lọ ilé lọ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí abẹ́ ibi tó ń jò. Nígbà tó fi máa padà, ilẹ̀ ti mọ́, màálù ti kún kòtò, iyọ̀ tó rà lọ́jọ́ náà sì ti tán nínú agolo.

"Òun náà nìyẹn," ni ọ̀gá wí. "Ó jẹ́wọ́."

"Ó jẹ́wọ́ pé òun lọ sílé. Mi ò gbà pé òun ló ṣe é. Ta ló máa lo iyọ̀ inú agolo tirẹ̀, tí á fi agolo òfìfo sílẹ̀ dè wá? Ẹni tó mọ̀ pé kò sí níbí ló bu ú." Ó yíjú sí ọlọ́dẹ. "Ṣé ìwọ lo ri èèkàn wọ̀nyẹn padà?"

Ẹkún ọlọ́dẹ dá wáí. "Èmi kẹ̀? Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹni tó bá fọwọ́ kan èèkàn òun, àwọn á jọ dé ilé ẹjọ́. Àwọn méjì péré ló ń fọwọ́ kàn án: òun àti arábìnrin tó ń yàwòrán."

*

Ọ̀jọ̀gbọ́n ń gbé yàrá kékeré kan létí oko náà. Àpótí àpáàdì kún ibẹ̀ dé òrùlé, bẹ́ẹ̀dì ló wá há mọ́ àárín wọn. Àgbàlagbà ni, irun rẹ̀ ti funfun báláú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń tàn bíi tọ̀dọ́.

"Kí lẹ tún fẹ́? Mo ti sọ tẹnu mi."

"Mo fẹ́ kí ẹ kọ́ mi ni, sà. Kí ni ẹsẹ̀ ẹran máa ń ṣe sí ohun tó wà nínú ilẹ̀?"

Kò sí olùkọ́ tó lè rí irú ìbéèrè yẹn kó dákẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n fa àga, ó jókòó, gbogbo ara rẹ̀ sì tú.

"Ilẹ̀ dà bí aṣọ tí wọ́n kó sínú àpótí. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kó sí i ló wà nísàlẹ̀, tòní ló wà lókè. Báyìí la ṣe ń mọ èyí tó ṣáájú. Ẹran ló máa ń tú àpótí náà. Bí ilẹ̀ bá ti rọ̀, pátákò á máa ti àwọn wẹ́wẹ́ wọ ìsàlẹ̀. Àwọn ńlá ò ní lè rì bẹ́ẹ̀. Wọ́n á yí, wọ́n á sún kúrò láyè wọn, etí wọn á kán. Mo ti rí ìdérí ìgò mínírà rí láàárín àpáàdì tó ti wà nílẹ̀ kí baba-ńlá mi tó dáyé. Ewúrẹ́ ló tẹ̀ ẹ́ débẹ̀! Ẹni tí ò bá mọ̀, á ní àwọn ará àtijọ́ ń mu mínírà."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

"Ó wá dá yín lójú pé màálù màmá yẹn ló fọ́ ère?"

Ẹ̀rín Ọ̀jọ̀gbọ́n kú. "Ẹsẹ̀ wọn wà nílẹ̀. Mo sọ ọ́ lójú ayé, màá sì tún un sọ."

Kògbà wo ìta láti ojú fèrèsé. Òkìtì yẹ̀pẹ̀ ńlá kan wà lẹ́yìn kòtò, wọ́n fi tapólì bò ó. "Òkìtì yẹn ńkọ́, sà?"

"Yẹ̀pẹ̀ tí a ti wà, tí a ti fi asẹ́ jọ̀ ni. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́."

"Kí la wá ń bò ó fún?"

"Kí atẹ́gùn má baà gbé e padà sínú kòtò."

Kògbà dúpẹ́, ó jáde. Ẹrẹ̀ lẹ̀ mọ́ bàtà rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ó ń rò ó lọ́kàn pé lẹ́yìn irú òjò tó rọ̀ yìí, atẹ́gùn wo ló lè gbé ẹrẹ̀.

*

Ìkòkò amọ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá, òdòdó ló gbìn sínú rẹ̀. Kògbà fa òdòdó náà yọ, ó tò ó sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wá la ìkòkò náà mọ́lẹ̀.

"Ìkòkò mi!" Ọ̀gá sáré jáde.

"Ẹ má bínú, sà. Tìjọba ni báyìí."

Ó fọ́ àpáàdì náà sí ńlá àti kékeré, àwọn mìíràn ò ju èékánná lọ. Ó fọ́n gbogbo rẹ̀ sídìí ẹ̀rọ omi tó ń jò nínú ọgbà, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀. Ó ní kí opó náà da àwọn màálù rẹ̀ gba ibẹ̀ lọ, kó tún dà wọ́n bọ̀. Màmá ò béèrè ìdí. Ó fi ọwọ́ òsì lu ìbàdí Ìyàwó pẹ́pẹ́, gbogbo àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Àwọn ọlọ́pàá jáde wá wòran.

Nígbà tí wọ́n ṣe é tó, Kògbà kúnlẹ̀. Àwọn àpáàdì ńlá ṣì wà lókè, ṣùgbọ́n wọ́n ti sún, etí wọn sì ti kán. Ti àwọn wẹ́wẹ́, ojú ò rí wọn mọ́. Ó mú ṣíbí, ó ń wà wọ́n jáde nínú ẹrẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó jìn jù nínú wọn rì ju ìka ọwọ́ lọ.

Ọ̀gá ti gbàgbé ìkòkò rẹ̀. Ó ti lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bàtà tuntun sì ti kan ẹrẹ̀. "Nínú kòtò yẹn ńkọ́?"

"Ńlá àti wẹ́wẹ́, gbogbo rẹ̀ ló wà lókè, sà, lórí ojú ẹsẹ̀ màálù. Mo fi ṣíbí wa ìsàlẹ̀, mi ò rí ẹyọ kan. Lẹ́yìn tí àwọn màálù ti tẹ ibẹ̀ tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da àpáàdì yẹn síbẹ̀. Wọ́n sì sun ún jinná, bẹ́ẹ̀ ère yẹn ò jinná. Kì í ṣe àpáàdì ère rárá."

"Ère ọ̀hún dà?"

"Ó wà lódidi níbì kan. Ẹ dá gbàǹjo yẹn dúró."

"Kò sí lọ́wọ́ mi. Àṣẹ ti wá láti òkè."

"Mi ò gbà, sà. Ẹ bá mi sọ fún òkè pé mi ò gbà."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Ọ̀sán ọ̀la náà ni. Bí o bá rí ère kó tó dìgbà yẹn, ó parí. Bí o kò bá rí i, wọ́n á tà wọ́n."

*

Arábìnrin ayàwòrán wà nídìí tábìlì rẹ̀ nígbà tí Kògbà wọlé, ó ń fi rọ́bà pa ìlà kan rẹ́. Kògbà ò fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

"Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá yọ èèkàn igun kòtò yẹn, tí ẹ ò dá a padà síbi tó wà gẹ́lẹ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

"A jẹ́ pé a gbé. Ara èèkàn yẹn la ti wọn gbogbo ohun tí a rí nínú kòtò láti ọjọ́ tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá yí, gbogbo rẹ̀ di asán."

"Olè tó fẹ́ lọ ta ère, ṣé á rántí yọ èèkàn kí màálù má baà kán an? Ṣé á tún dúró nínú ẹrẹ̀ láti dá a padà?"

Rọ́bà ọwọ́ ayàwòrán dúró. "Olè kẹ̀? Ẹni tó bá…" Ó gbé ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ yìí," ni Kògbà bá a parí rẹ̀. "Ẹ̀yin náà mọ ibi tí èèkàn wà, ẹ̀gbọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò sẹ́."

"Kí ló ń ṣe Ọ̀jọ̀gbọ́n?"

Ayàwòrán gbé rọ́bà sílẹ̀, ó ṣàlàyé. Wọ́n ti ní kí bàbá náà fi iṣẹ́ sílẹ̀ lópin oṣù. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n gbé e fún. Irun rẹ̀ ṣì dúdú nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀ yẹn, òkúta àti àpáàdì ló ń rí, ìgbà tó ku díẹ̀ kó lọ ni ère wá yọjú. Orúkọ ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni ayé máa fi mọ ère náà.

"Ṣé ère yẹn lè wà nínú àpótí, tàbí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?"

"Rárá o! Bó bá gbẹ, ó là nìyẹn. Inú ilẹ̀ tútù nìkan ló lè wà."

Kògbà dìde. Ilẹ̀ tútù, tí ẹnikẹ́ni ò ní fura bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní wá nǹkan sí mọ́ láé. Ó ti mọ ibẹ̀. Ohun tí kò tíì ní lọ́wọ́ ni ẹnu ẹni tó ṣe é.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ gbàǹjo, gbogbo wọn pé sí oko náà. Kògbà ti ní kí opó da àwọn màálù rẹ̀ wá. Àwọn ará àdúgbò tó gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́jọ́ kìíní kún ẹ̀yìn wáyà.

"Mo fẹ́ fi nǹkan hàn yín," ni Kògbà kígbe, kí gbogbo wọn lè gbọ́. "A máa da màálù gba orí yẹ̀pẹ̀ kan, kí a lè rí ohun tí pátákò ń ṣe. A ò ní ba ohun kóhun jẹ́. Òkìtì tó wà lábẹ́ tapólì yẹn la máa lò. Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra wọn ló sọ fún mi pé wọ́n ti jọ̀ ọ́, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀."

Ó fa tapólì náà kúrò. Ojú rẹ̀ wà lára ayàwòrán àti Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ayàwòrán sún sẹ́yìn kí màálù lè rọ́nà kọjá.

"Ẹ lọ lo ibòmíràn," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

"Kí ló ṣe ibí, sà?"

"Kò… kò tẹ́jú."

"Màálù ò bìkítà. Màmá, ẹ dà wọ́n bọ̀."

Opó lu ìbàdí Ìyàwó. Màálù funfun náà rọra ń bọ̀, àwọn yòókù wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó dé ìdí òkìtì. Ó gbé ẹsẹ̀.

"Dá a dúró! Dá màálù yẹn dúró!"

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti sáré gba abẹ́ okùn, ó ti fi àyà dé orí òkìtì náà, ó na apá méjèèjì bí ẹni tó ń dáàbò bo ọmọ. Ìyàwó fi imú gbọ́ òórùn ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì dúró.

"Kí ló wà níbẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n?"

Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ wa yẹ̀pẹ̀ náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tú aṣọ lára aláìsàn. Aṣọ rírin kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà ni orí kékeré kan yọ, ojú rẹ̀ gún régé, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún. Kò sí ibi tó kán lára rẹ̀.

"Èmi kì í ṣe olè," ni ó wí. Kò tẹrí ba. "Èmi ni mo rí i. Ẹlòmíràn ò lè fi orúkọ tirẹ̀ sí i lára. Mi ò ní gbà láé! Màá padà wá wà á fúnra mi."

"Pé ẹ ò fẹ́ tà á, mo gbà," ni Kògbà wí. Ọ̀gá rẹ̀ yíjú wò ó, nítorí kò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. "Mo tún gbà pé wọ́n rẹ́ yín jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè wo pátákò kan lórí ère yìí, ẹ wá ń fi ọkàn balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe ń tẹ gbogbo ayé obìnrin yìí mọ́lẹ̀. Ẹ dìde, kí ẹ sọ òótọ́ fún wọn ní gbangba, bí ẹ ṣe sọ̀rọ̀ lọ́jọ́sí."

Ọ̀jọ̀gbọ́n dìde tòun ti yẹ̀pẹ̀ láyà. Ó wo àwọn tó wà lẹ́yìn wáyà, ó wo opó náà.

"Màálù màmá yìí ò fọ́ nǹkan kan," ni ó wí. "Èmi ni mo tú wọn sílẹ̀. Èmi náà ni mo bu iyọ̀ ọlọ́dẹ. Àpáàdì inú àpótí mi ni mo fọ́n sínú kòtò."

Ọlọ́pàá kan mú un lápá, ayàwòrán sì kúnlẹ̀ ti ère náà, ó ń rin aṣọ.

Ọ̀gá pe opó. Ó mú ìwé tuntun dání, páàdì yíǹkì wà lọ́wọ́ kejì. "Màmá, ẹ má bínú o. Ẹ kó ẹran yín. Ẹ kàn bá wa tẹ̀ka síbí, pé ẹ ti gbà wọ́n padà."

Opó wo ìwé náà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò kúrò lábẹ́ ìró.

"Nígbà tí ẹ kó wọn lọ," ó béèrè, "ta ló tẹ̀ka fún mi?"

Ọ̀gá wo Kògbà pé kó gba òun sílẹ̀. Kògbà ká apá mọ́ àyà, ó ń wo òkè. Ọkùnrin náà ki àtàǹpàkò tirẹ̀ bọ yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé náà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí opó. Ìgbà yẹn ni màmá yọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jáde. Ó gba ìwé náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i títí yíǹkì fi gbẹ, ó fi í sẹ́tí ìró, ó sì da àwọn màálù rẹ̀ lọ sílé.